Kí ni ìbú ń wá nínú àgbélébùú?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ṣé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni "àgbélébùú", àti pé kí ló dé tí àwọn kan fi ń kọ u méjì sí ìparí rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ ọ́ di olókìkí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé àti oko ló kún inú rẹ̀. Ẹ tú u wò: à, gbé, lé, ìbú. Ohun tí a gbé lé ìbú ni. Ìbú ni ti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Òòró ni ti gígùn. Ọmọ tó ru igi ìdáná gba ọ̀nà oko tóóró, tí orí igi ń gbá ewé lọ́tùn-ún, tí ìdí rẹ̀ ń kọ́ ìtàkùn lósì, àgbà tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ní: "Ìbú lo gbé e sí! Yí i sí òòró!" Ibẹ̀ náà la ti rí dábùú. Igi wó, ó dábùú ọ̀nà. Tírélà ṣubú ní márosẹ̀, ó dábùú, gbogbo ọkọ̀ dúró. Ọmọ sùn dábùú bẹ́ẹ̀dì, ó fẹsẹ̀ ti ìyá rẹ̀ mọ́ ògiri. Agbẹ̀bí náà a máa sọ pé ọmọ dábùú nínú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o.

Ní ti u méjì: bí dá bá pàdé ìbú, ì á jábọ́, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ orí rẹ̀ kò bá a lọ. Ó sún síwájú, ó jókòó sórí u: dábùú. Bíbélì àtijọ́ kọ "agbelebu" lásán, a sì ń kà á láìṣì. Ibú, ojú odò tó jìn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ àmì orí i yẹn dáadáa.

Ṣé a lè pe ibi tí ọ̀nà ti pàdé ní àgbélébùú? Rárá, oríta ni. Ẹnu ọ̀nà là ń kà níbẹ̀: Ìbàdàn ní Oríta Mẹ́rin, ó ní Oríta Mẹ́fà. Síbẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n ní ó ń dààmú àlejò. Lójú tèmi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní mẹ́rin, èèyàn lè máa lọ tààrà. Ní mẹ́ta, ọ̀nà tó ń tọ̀ bọ̀ lè parí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kó di dandan kó yà sápá kan. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ẹbọ Èṣù sí.