Èsì: Ekòló ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó, ẹ má wulẹ̀ rà á

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ekòló ẹ̀yìnkùlé lè gbé inú ike ìdọ̀tí ilé ìdáná kó sọ ìdọ̀tí náà di ajílẹ̀, àbí kí ẹ lọ rà á. Ẹ má náwó o. Ẹ lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Ẹ rẹ páálí sómi, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ tó ti rọ̀ lé e, kí ẹ wá fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó. Ẹ máa wọ́n omi sí i nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo ṣí tèmi láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn nínú ihò páálí bíi sùpàgẹ́tì!

Àwọn tó wà lókè yẹn ni kí ẹ kó. Èyí tí ẹ bá fi ọkọ́ wú jáde nísàlẹ̀, ẹ dá a padà. Inú erùpẹ̀ ló mọ̀ ọ́n gbé.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tí mo dá lu nídìí ni mo lò. Ti àkọ́kọ́ kú tán, ẹ̀bi mi ni: mo da àjẹkù ọbẹ̀ sí i, iyọ̀ àti ata sì pa wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún ìjàlọ pẹ̀lú. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lé bíríkì nínú abọ́ omi kí ìjàlọ má baà lè gùn ún. Kí ẹ sì tètè ṣe é kí òjò tó dá, torí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á ti wọlẹ̀ lọ.