Ìbọn tí o tà ní Houston

Àbúrò mi ọ̀wọ́n ní Ìgbógbó,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. O ní ní Houston, lẹ́yìn tí àwọn olè ká ọ mọ́ ibi iṣẹ́ alẹ́, lo ra ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ láyé rẹ, Glock 19. Àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo ń tọ́jú rẹ̀ sí, àfi ọjọ́ tí o wọlé tí o bá ọmọ rẹ obìnrin, ọmọ ọdún 4, tó jókòó sílẹ̀, tó gbé e lé itan bí ẹni gbé bèbí. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà lo tà á. Ní báyìí tí o ti padà wálé, oorun ò kùn ọ́ mọ́, ọ̀rẹ́ kan sì ní òun á bá ọ wá òmíràn. O ń bi mí bóyá o ṣe àṣìṣe nígbà tí o tà á.

Rárá o. Glock tí gbogbo ayé ń rà kò ní ohun tí à ń fọwọ́ tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà yìn. Bí ọta bá ti wà lẹ́nu rẹ̀, ìka ọmọdé lè yìn ín.

Bàbá mi ṣọdẹ ní Ìmọ̀tà títí ó fi darúgbó. Òkè àjà ni ṣakabùlà rẹ̀ ń gbé, ẹ̀tù wà nínú ado lára òpó, àhàyá wà níbòmíràn. Kí ó tó kó wọn jọ, kí ó tó kì í, ẹran mìíràn ti lọ. Ìbọn bẹ́ẹ̀ ń fúnni láyè láti ronú. Tìrẹ ò fún ẹnikẹ́ni láyè.

Ti òmíràn tí ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ wá, jọ̀wọ́, má gbà. Nínú òfin ìbọn 1959 tí a ṣì ń lò, kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá lè fúnni níwèé ṣakabùlà, ṣùgbọ́n Ààrẹ nìkan ló lè fúnni ní ti ìbọn ìléwọ́. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé lè lọ ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10.

Mo mọ ẹ̀rù tó ń bà ọ́. Èmi náà wà ní Ìkòròdú nígbà tí àwọn Badoo, ẹgbẹ́ apààyàn yẹn, ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí àwọn tó sùn. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń sùn sí, àwọn ọkùnrin ń ṣọ́ òru. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yẹn kan náà ló mú káwọn èèyàn pa àlejò tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ ní 2017, tí wọ́n tún dáná sun wọ́n. Àbúrò mi, bí ìbọn bá wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹni tí kò rí oorun sùn, tí ìyàwó bá dìde lọ tọ̀ láago méjì òru ńkọ́?

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ lo ti kọ ọ́ pé ìyàwó rẹ ò tíì mọ̀ pé àwọn olè yẹn na ìbọn sí ọ lórí lálẹ́ tí wọ́n ká ọ mọ́ ibi iṣẹ́ ní Houston. Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí jù. Lálẹ́ òní, bí àwọn ọmọ bá ti sùn, sọ ọ́ fún un, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lọ́la, wá alága àdúgbò yín lọ, kí o forúkọ sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣọ́ òru. Tí o bá ti ṣe méjèèjì, kọ̀wé sí mi padà. Mo ń retí rẹ.