Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Tó Sọnù: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ̀rọ CNC Agbẹ́gi

*Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Ẹpẹ, mo sì ra ẹ̀rọ CNC kékeré kan (ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí) ní ọdún tó kọjá, èyí tí àyè iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 300 mìlímítà ní gígùn àti 180 ní ìbú. Mo fẹ́ fi gbẹ́ pátákó ara ògiri fún ìdílé wa ṣáájú àjọ̀dún Káyókáyó: ẹja méjì tó dojú kọ ara wọn, orúkọ ìlú wa láàárín wọn, àti 1851, ọdún tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi Èkó sílẹ̀ kí ó tó wá sí Ẹpẹ, nísàlẹ̀. Mo ra pákó ìrókò ní ibùdó ìlagi, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí mo gbé pákó náà sórí ẹ̀rọ, ó ń mì díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi kíláǹpù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ parí, àmì abẹ́ “ẹ” àkọ́kọ́ hàn dáadáa, àmọ́ ti èkejì kò hàn rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pátákó náà ti tẹ̀ bí àwo. Bíìtì méjì, irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń gé igi, ló sì kán mọ́ mi lọ́wọ́. Àbúrò bàbá mi wo iṣẹ́ náà títí, wọ́n ní ó ku àmì kan péré kí n gbé èpè kọ́ sára ògiri ilé wọn. Ṣé ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí mo rà ló ń fìyà jẹ mí ni?*
— Olùkọ́, Ẹpẹ

Ẹ kú ìfaradà o, ẹ sì bá wa kí àbúrò bàbá yín, nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín ní ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ yín kò jẹ̀bi. Ohun mẹ́ta lẹ kà sílẹ̀ nínú lẹ́tà yín, àmì tó sọnù, pákó tó tẹ̀ àti bíìtì tó kán, ṣùgbọ́n ẹjọ́ àkọ́kọ́ àti èkejì, ẹjọ́ kan náà ni, inú pákó ló sì ti wá kí ẹ tó tan ẹ̀rọ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àmì náà. Bíìtì ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń fín lẹ́tà kì í gé ojú ìlà kan náà ní fífẹ̀ níbi gbogbo. Bí ó bá ṣe wọlẹ̀ tó ni ojú ìlà rẹ̀ ṣe máa ń fẹ̀ tó. Bíìtì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 60 dígírì gbọ́dọ̀ wọnú igi ní nǹkan bíi 0.87 mìlímítà kí ó tó lè fín àmì tó fẹ̀ ní mìlímítà 1. Èyí túmọ̀ sí pé bí pákó bá rẹlẹ̀ ní mìlímítà 1 péré níbì kan ju ibi tí ẹ ti wọn òdo ẹ̀rọ (ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n) lọ, bíìtì náà yóò sọ̀kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n rán an, yóò yí lórí òfuurufú, yóò sì padà sókè láì kan igi rárá. Ìlà ara lẹ́tà fúnra rẹ̀ lè fẹ̀ ní mìlímítà 4 tàbí 5, nítorí náà yóò kàn tín-ín-rín sí i ni, ojú kò sì ní tètè rí i. Àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi rúlà irin lélẹ̀ lórí àwọn lẹ́tà tó kù kí ẹ sì wọ̀n wọ́n: mo lè fi owó lé e pé “ẹ” kejì tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, àti pé apá òsì ni ẹ ti wọn òdo yín.

Kí ló wá mú kí apá ọ̀tún rẹlẹ̀? Ẹ ti dáhùn rẹ̀ fúnra yín: pákó náà ń mì. Pákó tó ń mì lórí ibi títẹ́jú ti lọ́ ná, kíláǹpù kò sì lè wo igi tó lọ́ sàn. Ó kàn dì í mú fún ìgbà díẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ tú u sílẹ̀, ó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó sì tún tẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹ ti gé ojú rẹ̀ òkè, ẹ ṣí inú rẹ̀ tó ṣì tutù sí afẹ́fẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà bó ṣe wà. Ojú tí a gé gbẹ, ó sún kì. Ẹ̀yìn kò sún kì. Ibẹ̀ ni àwo ti dé.

Ọjọ́ mẹ́ta láti ibùdó ìlagi dé orí ẹ̀rọ kò tó, kódà kò sún mọ́ ọn. Àṣà àwọn oníṣẹ́ igi ni pé kí wọ́n fún pákó tó nípọn ní íńṣì kan ní nǹkan bí ọdún kan láti gbẹ nínú afẹ́fẹ́, níbi tí òòrùn kò ti ń pa á tààrà, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín pákó kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè máa gbà á kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní dúró fún ọdún kan. Nígbà náà, ẹ ra pákó tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o pamọ́, tàbí kí ẹ wá férémù ibùsùn àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, kí ẹ yọ ìṣó ara rẹ̀ tán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá igi ti gbẹ, ẹ gé ègé kékeré kan láti ara rẹ̀, ẹ máa fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sí ara igi náà gan-an pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá tí iye náà kò yí padà, ó ti gbẹ dé ibi tí afẹ́fẹ́ Ẹpẹ lè gbẹ ẹ́ dé. Mo sọ pé afẹ́fẹ́ Ẹpẹ nítorí pé ẹ̀bá ọ̀sà ni ẹ ń gbé, ọ̀rinrin sì pọ̀ níbẹ̀. Bí pátákó náà bá máa bá ìbátan yín kan lọ sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, yóò tún sún kì díẹ̀ sí i. Ohunkóhun tí ẹ bá fi kùn ún, ìbáà jẹ́ epo tàbí fáníìṣì, ẹ fi kun ẹ̀yìn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kun ẹ̀yìn nítorí pé ògiri ni yóò bò ó, àmọ́ igi kò mọ̀ pé ògiri wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó gbé igi gbígbẹ náà sí i, ẹ tẹ́ MDF, pákó títẹ́jú tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, sí orí tábìlì ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi bíìtì ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ tó fẹ̀ ha ojú rẹ̀ láti igun dé igun, kí ó lè bá ìrìn ẹ̀rọ dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ ha ojú pákó fúnra rẹ̀ bákan náà, ìlàjì mìlímítà péré ní ẹ̀ẹ̀kan, títí kò fi ní sí ibì kan tí bíìtì kò kàn. Orí ojú tuntun yẹn ni kí ẹ ti wọn òdo kí ẹ tó fín lẹ́tà. Bí ẹ bá ṣe èyí, àmì méjèèjì yóò jáde. Ẹ tún jẹ́ kí àmì abẹ́ lẹ́tà fẹ̀ tó mìlímítà 2 nínú àwòrán yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà kò ro ti Yorùbá nígbà tí wọ́n ń yà wọ́n, wọ́n a máa fi àmì tíńtín síbẹ̀, òmíràn a tilẹ̀ fi àpótí òfìfo rọ́pò lẹ́tà. Nígbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí èmi, ńṣe ni mo máa ń kọ “e” lásán, kí n wá fi ọwọ́ ara mi ya róbótó kékeré sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ bíìtì tó kán. Ìrókò máa ń ní òkúta nínú; ohun funfun líle kan tó dà bí ẹfun ni, ó máa ń dì sínú igi náà nígbà tó ṣì wà láàyè, ojú kì í sì í rí i lókèèrè. Mọ́tò kékeré kò lè bá a jà. Erùpẹ̀ ìrókò tún máa ń mú kí ènìyàn máa sín, ó ń mú kí ara máa yún àwọn ẹlòmíràn, ó sì ń fa ikọ́ sémìísémìí (asthma) fún àwọn kan, nítorí náà ìbòmú kì í ṣe àṣejù, pàápàá bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé. Fún ẹ̀rọ bíi tiyín, igi ọ̀mọ̀ ni mo máa ń gbà ní ìmọ̀ràn, igi tí àwọn agbẹ́lù ń lò: ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gbẹ́. Àrẹrẹ náà rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ìlà rẹ̀ a máa hu irun bí bíìtì kò bá mú.

Ẹ máa wo ohun tó ń jáde lẹ́nu bíìtì pẹ̀lú. Bí ó bá rí bíi gàrí, iṣẹ́ ń lọ; bí ó bá rí bí èlùbọ́, bíìtì ń ha igi ni, kò gé e, ooru ni yóò sì pa á. Bí bíìtì ẹlẹ́nu méjì bá ń yí ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹ sì jẹ́ kí ó rin 800 mìlímítà ní ìṣẹ́jú náà, ohun tí ẹnu kọ̀ọ̀kan ń bù jẹ́ 0.04 mìlímítà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n, ẹ dín bó ṣe ń wọlẹ̀ kù kí ẹ tó dín ìrìn rẹ̀ kù.

*Olóòtú, mo ń gbẹ́ ọnà sára ìdérí àpótí fún ìyàwó tuntun kan. Wákàtí mẹ́rin ni iṣẹ́ náà yóò gbà. Ní wákàtí kẹta, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, mo tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì gbẹ́ àwòrán mìíràn gba àárín ti àkọ́kọ́. Kí ni mo lè ṣe?*
— Oníbànújẹ́, Ìkòròdú

Pẹ̀lẹ́ o. Ìdérí yẹn ti lọ, ẹ jẹ́ kí a ro ti èyí tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí ń lo GRBL, ètò ìdarí kan tí kì í rántí ibi tí ó wà nígbà tí iná bá lọ. Nígbà tí iná padà dé, ibi tí bíìtì bá dúró sí ni ó kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Bí ẹ̀rọ yín bá ní bọ́tìnnì òpin ìrìn ní igun rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lọ fọwọ́ kàn wọ́n kí ó lè mọ ilé rẹ̀, yóò sì rí òdo iṣẹ́ tí ẹ ti fi pamọ́ sínú rẹ̀. Bí kò bá ní in, ẹ má ṣe fi òdo sí àárín pákó tí bíìtì yóò gbẹ́ dànù; ẹ lu ihò kékeré kan sí igun pákó tí ẹ kò ní gé, ẹ fi òdo síbẹ̀, kí ẹ lè padà gbé ẹnu bíìtì sí i gẹ́lẹ́. Ti ìwọlẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n láti orí MDF ìsàlẹ̀, kì í ṣe láti ojú pákó tí ẹ ti gbẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ìlà àṣẹ tí ẹ̀rọ kà dé nínú fáìlì iṣẹ́, kí ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ gbé bíìtì sókè, kí ẹ tan mọ́tò rẹ̀, kí ẹ tó jẹ́ kí ó máa lọ.

Ìmọ̀ràn kúkúrú ni pé kí ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ ínfátà. Ẹ̀rọ kékeré kì í jẹ iná púpọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé iná ti lọ.

*Bàbá mi jẹ́ agbẹ́gilére ní Àgbádárìgì. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí mo rà kò lè gbẹ́ orí ènìyàn. Mo ní ó lè gbẹ́ ẹ. Ta ló gba?*
— Ọmọ Agbẹ́gilére

Bàbá yín ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀rọ tí apá rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, síwájú àti sísàlẹ̀ nìkan ń wo igi láti òkè; ibi tí igi bá bò mọ́lẹ̀, bí abẹ́ àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn etí, kò lè dé ibẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ní Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum. Orí àwọn kan nínú àwọn ènìyàn ibẹ̀ yọ jáde gan-an kúrò lára pákó. Ẹ̀rọ yín kò lè ṣe ìyẹn láéláé, àfi tí ẹ bá ń yí igi náà padà fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ bi bàbá yín nípa ìpele mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére ń pè ní ọ̀nà lílé (gígé ìrísí àkọ́kọ́ jáde), àlétúnlé (pípín in sí wẹ́wẹ́), dídán (mímú un jọ̀lọ̀) àti fífín (gígé àwọn ìlà wínníwínní). Bíìtì ẹlẹ́nu pẹrẹsẹ tó kọ́kọ́ ń bu igi kúrò, ọ̀nà lílé ló ń ṣe. Bíìtì ẹlẹ́nu róbótó tó ń tẹ̀ lé e ń ṣe àlétúnlé àti apá kan dídán, bí ẹ bá jẹ́ kí ó máa sún ní ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ rẹ̀ láti ìlà kan sí èkejì. Fífín ni ọ̀ràn ibẹ̀, nítorí pé bíìtì tó fẹ̀ ní mìlímítà 3 kò lè wọ igun tó há ju bẹ́ẹ̀ lọ; igun ojú àti ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò jáde ní róbótó bí ohun tí omi ti là. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń ṣètò fáìlì orí náà, ẹ fi mìlímítà 2 igi sílẹ̀ ní gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e fún bàbá yín pẹ̀lú ọ̀bẹ wọn.