Ẹ Bi Wá: Ṣé Ó Yẹ Kí Tíìmù Wa Ra Àgbà Láìnmàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Houston ni mò ń gbé, Texans sì ni tíìmù mi, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yìí ti wọ̀ mí lára gan-an. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dá ariwo sílẹ̀ láàárín wa ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Àwọn kan ní kí tíìmù wa lọ ṣe tréèdì, ìyẹn pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú tíìmù míì, fún àgbà láìnmàn, àwọn abara gbàǹgbà tó máa ń dúró níwájú kọ́tabáàkì (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) tí wọn ò ní jẹ́ kí ọ̀tá rí i gbá mú. Àwọn tó kù ní ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ti tán, ká fi pííkì dráfìtì wa (àǹfààní tí tíìmù ń ní lọ́dọọdún láti yan ọmọ tuntun, ráńdì ráńdì, ráńdì kìíní ló níye lórí jù) mú ọmọdé. Kí lẹ rí sí i? (Bàbá Ìbejì, Houston)

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ̀wé. Èmi fara mọ́ ọn kí wọ́n rà á, ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n rà á ní iyekíye, àti pé ìlú tẹ́ ẹ wà yẹn gan-an ló yẹ kó mọ èyí ju gbogbo ayé lọ, torí ohun tójú Texans ti rí lórí ipò left tackle (láìnmàn tó wà ní ìpẹ̀kun apá òsì) kan ṣoṣo yìí kò kéré rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti 2017. Duane Brown ni left tackle wọn nígbà yẹn, ẹni ọdún 32, òun àti tíìmù ń fa ọ̀rọ̀ owó mọ́ra wọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá tà á fún Seattle nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, wọ́n gba pííkì ráńdì kẹta ti 2018 àti ráńdì kejì ti 2019. Ó dáa, wọ́n rí nǹkan gbà, àmọ́ ta ló wá kù tó ń ṣọ́ kọ́tabáàkì wọn, Deshaun Watson? Lọ́dún 2018 ìgbà 62 ni wọ́n gbé Watson ṣánlẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kò sí kọ́tabáàkì míì tó jìyà tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ìgbà tí omi wá dé ọrùn, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 2019, tí sáà tuntun ku ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sáré tọ Miami lọ fún Laremy Tunsil, ẹ wá wo ohun tí wọ́n san: ráńdì kìíní ti 2020, ráńdì kìíní ti 2021, ráńdì kejì ti 2021, àti agbábọ́ọ̀lù méjì lé e lórí. Wọn ò tiẹ̀ tíì bá Tunsil fẹnu kò lórí kọ́ńtíráàtì tuntun kí wọ́n tó kó gbogbo ìyẹn sílẹ̀, torí náà nígbà tó di oṣù kẹrin 2020 òun ló lọ̀bẹ lọ́wọ́, ó gba mílíọ̀nù 66 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Tunsil mọṣẹ́ o, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n mú un sí Pro Bowl (eré àwọn àṣàyàn líìgì) nígbà tó wà lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n Texans ṣe 4-12 lọ́dún 2020 (wọ́n borí mẹ́rin, wọ́n pàdánù méjìlá), tíìmù tó bá sì pàdánù jù ló máa ń kọ́kọ́ yan, pííkì tó yẹ kó jẹ́ tiwọn wá di nọ́ńbà 3 nínú dráfìtì, Miami ló sì ni ín.

Brown tí wọ́n tà ńkọ́? Seattle ló wà títí di 2021, wọ́n sì tún mú un sí Pro Bowl lọ́dún yẹn ní ẹni ọdún 36!

Torí náà kẹ́ ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù pé láìnmàn kì í tètè gbó bí àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, eré sísá kọ́ ló fi ń jẹun, ọwọ́ ni, ẹsẹ̀ ni, àti ojú tó ti rí gbogbo ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ àwọn tó ń gbógun bọ̀. Ẹ wo Trent Williams. Ẹni ọdún 31 ni nígbà tí San Francisco mú un lọ́wọ́ Washington ní 2020, kò ṣeré kankan ní 2019 nítorí kókó tí wọ́n gé kúrò ní orí rẹ̀ àti ìjà tó bá ìyẹn rìn, Washington ti ń wá bó ṣe máa lọ, ráńdì karùn-ún ti 2020 àti ráńdì kẹta ti 2021 péré ni wọ́n fi gbà á. Ó wọ ẹgbẹ́ All-Pro àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn tó dáa jù lọ ní ipò wọn ní gbogbo líìgì, ní 2021, ní 2022, àti ní 2023. Chicago náà, lẹ́yìn tí wọ́n gbé kọ́tabáàkì wọn, Caleb Williams, ṣánlẹ̀ ní ìgbà 68 ní 2024, ráńdì kẹrin kan ṣoṣo ni wọ́n fi mú Joe Thuney lọ́wọ́ Kansas City, ẹni ọdún 32 tó ti gba Super Bowl (ife àṣekágbá líìgì) mẹ́rin. Irú ọjà tí mò ń sọ nìyẹn, ìgbà tó jẹ́ ẹni tó ń tà ló ń kánjú. Owó náà tún fúyẹ́ lọ́rùn olùrà, torí owó ìfọwọ́síwèé tí tíìmù àkọ́kọ́ ti san fún un, ìṣirò wọn ló máa wà, owó oṣù tó kù nìkan ni tíìmù tuntun máa gbé.

Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ ṣá, kí wọ́n wo ẹsẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kúrò lọ́wọ́ center (láìnmàn àárín tó ń fún kọ́tabáàkì ní bọ́ọ̀lù), ẹ tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ òsì left tackle yẹn, ó yẹ kó ti fà á sẹ́yìn kí ẹni tó ń bọ̀ tó gbé ìṣísẹ̀ kejì, kí ìdí rẹ̀ wà nílẹ̀, kí àyà rẹ̀ nà. Kí wọ́n wá wo kúọ́tà kẹrin níbi tó ti ń rẹ̀ ẹ́: bó bá ti ń tẹ̀ láti ìbàdí, tó ń fi ọwọ́ rọ́ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni mú, réfírí á ju fúláàgì, wọ́n á dá tíìmù padà ní yáàdì mẹ́wàá, ẹni yẹn ti ń lọ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ẹni ọdún 27.

Ráńdì kẹta ni mo máa dúró sí. Bí kọ́tabáàkì bá ṣì wà lórí kọ́ńtíráàtì ọmọ tuntun tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí tíìmù sì ń dé pléyọ́ọ̀fù (ìdíje ìparí sáà), mo lè gòkè dé ráńdì kejì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tíìmù tí kò ní kọ́tabáàkì, kí ló fẹ́ fi àgbà láìnmàn ṣe? Ta ló fẹ́ máa ṣọ́?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ń kó àwọn àgbà wọlé báyìí, ṣé àwọn ọmọ wa bíi Olumuyiwa Fashanu, láìnmàn ọ̀dọ́ ti New York Jets, ò ní jókòó gbó sórí bẹ́ńṣì? (Ìyá Tóbi, Maryland)

Ìdáhùn: Rárá o, Ìyá Tóbi. Ní oṣù kẹta 2024 Jets mú Tyron Smith, wọ́n tún ṣe tréèdì fún Morgan Moses lọ́wọ́ Baltimore, ẹni ọdún 33 làwọn méjèèjì, oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi pííkì nọ́ńbà 11 mú Olumuyiwa. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú nígbà yẹn, wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ náà ṣe, àmọ́ bí Moses ṣe fara pa ọmọ náà bọ́ sípò ẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ọrùn Tyron ṣe yọ ọ́ lẹ́nu ó bọ́ sí apá òsì. Sáà náà kò dáa fún Jets, 5-12 ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ́ṣẹ́. Nígbà tí sáà 2025 fi máa bẹ̀rẹ̀, Tyron ti fẹ̀yìn tì, Moses ti lọ sí New England, left tackle sì ti di tiẹ̀. Nọ́ńbà 74 ló ń wọ̀, ẹ máa wá a lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń wo Jets.