Auto àbí manual: èyí tó máa fa jẹnẹrétọ̀ yín dé Jos

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ra auto, ìyẹn ọkọ̀ tó ń yí gíà fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ní láti Abuja lẹ óò ti máa fi ọkọ̀ four-wheel fa jẹnẹrétọ̀ lọ sí Jos lóṣooṣù, tó sì jẹ́ pé dírẹ́bà méjì ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, clutch manual, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ gíà, ò ní pẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Orí òkè ló ti máa ń bà jẹ́, bíi òkè Hawan Kibo yẹn lójú ọ̀nà Jos. Tánkà dúró níwájú yín, ẹ̀yin náà dúró, ẹ wá fẹ́ gbéra padà, ẹrù ń fà yín sẹ́yìn, dírẹ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi clutch gbé e díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ tó mọ̀ òórùn jíjóná ti gba inú ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni clutch tèmi ti jóná báyìí, ó dùn mí gan-an. Auto ní torque converter, tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí gíà dípò clutch, jẹ́jẹ́ ló máa ń gbéra.

Ṣùgbọ́n gíà auto kórìíra ooru o. Kẹ́ ẹ tó so nǹkan kan mọ́ ọn, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi cooler tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ fi tíṣù funfun nu ọ́ìlì yẹn wò, tó bá ti dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, ẹ má rà á, ẹ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fa gíà sí 2 kí ẹ́ńjìnì máa dì í mú, ẹ má gbára lé bíréèkì nìkan.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ óò máa wà á, tẹ́ ẹ sì mọ clutch lò dáadáa, manual náà dáa.