Èsì: Ìdí tí ọmọ elégédé fi ń pọ́n tó sì ń rẹ̀ dànù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bèèrè ìdí tí elégédé yín l'Ógbómọ̀ṣọ́ fi ń tanná tí ọmọ rẹ̀ sì ń rẹ̀ dànù. Ó jọ pé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó akọ ò dé ara òdòdó abo ni. Òdòdó abo ló ní ọmọ róbótó nídìí. Láàárín aago 6 sí 9 àárọ̀, kí òdòdó tó padé, ẹ já akọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ ya ewé òdòdó rẹ̀ dànù, kí ẹ fi ọ̀pá àárín rẹ̀ ra orí àárín òdòdó abo yíká. Akọ kan tó abo 2. Ẹ má ra ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo o: hóró lẹ́búlẹ́bú kan ló ń sọ ẹyin kan nínú ọmọ elégédé di irúgbìn, níbi tí kò bá dé, èso á wọ́ síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín oògùn kòkòrò láàárọ̀, oyin tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti akọ dé abo lẹ ń pa yẹn.