Ìdí tí ìfun kì í fi í tètè rí ẹ̀jẹ̀ gbà padà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ìdí tí ìfun ẹni tí ọ̀kadà gbá ní Láfẹ́nwá kò fi rí ẹ̀jẹ̀ tó, nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wà nídìí ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀, ṣe ni sẹ́ẹ̀lì funfun yìí máa ń le gbagidi. Kò ní lè tẹ̀ kọjá bíi sẹ́ẹ̀lì pupa, á há sínú òpójẹ̀ tín-ín-rín. Òmíràn á lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ògiri rẹ̀, á tú oró sí i, omi á máa jò, ìfun á wú. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wọ̀n ní apá kò lè fi èyí hàn o! Ẹ ní kí wọ́n máa yẹ lactate wò, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí ẹ̀yà ara kò bá rí atẹ́gùn tó. Bí kò bá wá sábẹ́ 2 mmol/L, tí inú sì ń le, ẹ tètè pe dókítà iṣẹ́ abẹ.